Ọkọ̀ Àlòkù àti Òṣùwọ̀n Èké

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n ní Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ̀ṣẹ̀ ha ni láti ṣe ọkọ̀ tòkunbọ̀ lẹ́wà kí a tó tà á bí? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó fọ ọkọ̀, tí ó pààrọ̀ ọ́ìlì, tí ó sì kun ibi tí ó ha, ó bọ̀wọ̀ fún olùrà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá aago tí ń ka máìlì padà sẹ́yìn, òṣùwọ̀n èké tí Òfin Mósè kọ̀ (Deu. 25:13) ni ó gbé sínú àpò. Òfin ìjọba ti ọdún 2018 tí ó dáàbò bo àwọn oníbàárà pẹ̀lú kọ ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọkọ̀ alágbára tí a ṣe fún eré, ọ̀ràn náà ju ti owó lọ: bí bíréékì rẹ̀ bá ti jẹ, tí a sì dákẹ́, ẹ̀mí ènìyàn ni a tà. Àwọn kan a máa wí pé kí olùrà la ojú rẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú kì í rí ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́.

Kí olùtà bi ara rẹ̀ pé: ǹjẹ́ èmi yóò jẹ́ kí ọmọ mi wà á lọ sí Ìkẹjà lọ́la? Bí ọkàn rẹ̀ bá kọ̀, kí ó sọ àbùkù náà. Owó rẹ̀ yóò dín, ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ yóò dùn.