Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí A Máa Pa Ìbọn Ogun Àtijọ́ Mọ́?

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?" Apátí ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìka ìfábẹ̀lá ń fà kí ìbọn tó dún. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtùpà ọ̀rọ̀ mi lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí pé ọ̀ràn kan wà nílé wa ní Ìnísà tí n kò lè dákẹ́ sí mọ́, mo sì gbà pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni irú rẹ̀ wà.

Bàbá àgbà mi, tí wọ́n jẹ́ ọdẹ, papò dà ní èṣí. Lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ìbọn ṣakabùlà gígùn kan tí ó wà lórí èèkàn lára ògiri yàrá wọn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Àrọ́bá ilé wa ni pé ìbọn yìí lọ sí ogun Jálumi. Nísinsin yìí, ẹnu ẹbí kò kò lórí rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ tà á fún ọkùnrin kan tí ń ra ohun àtijọ́ kiri. Iye tí ọkùnrin náà dá tó láti san owó ilé-ìwé mi fún ọdún kan gbáko. Àbúrò bàbá mi, tí ń ṣọdẹ ní Òkukù, ní kí a fún òun, kí òun máa yìn ín níbi ìsípà ọdẹ àti nígbà ọdún Ògún. Àwọn kan sì ní kí a pa á mọ́ dè mí, nítorí pé èmi ni mo fẹ́ràn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bí mo bá kọ́ ilé tèmi, kí n gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ìyá mi nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Ọmọ Ìlá ni ìyá mi.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ogun Jálumi kò lè mọ ìdí tí mo fi mẹ́nu kan Ìlá. Ní 1878, àwọn Èkìtì dìde sí Ìbàdàn nítorí ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ fi ń jẹ wọ́n. Fábùnmi ará Òkè-Mẹ̀sí wà ní iwájú wọn. Ìjẹ̀ṣà, Ìlá àti Ìlọrin dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì kó ogun wá sí ẹkùn Ìkìrun, ìlú tí ó wà lábẹ́ Ìbàdàn. Àwọn ará Òkukù fi ilé àti oko sílẹ̀, wọ́n sá wọ Ìkìrun. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ́n ṣíwájú, tú àwọn tí ó wá náà ká. Bí wọ́n ti ń sá lọ, odò Ọ̀tìn dí wọn lọ́nà. Wọ́n já lu omi, omi sì gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ ogun náà ti wá. Ìjà kò sì tán síbẹ̀, nítorí pé Kírìjì tẹ̀ lé e. Ó di 1886 kí a tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú kúrò ní ibùdó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ìbọn náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà. Ìbọn ṣakabùlà kì í ṣe ohun tí a ń sáré yìn. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, á da ọta lé e, á tún kì í. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó yìn ín ni yóò tó fi àtàǹpàkò fa irin kan sẹ́yìn, irin tí ó rí bí òòlù kékeré. Òòlù ni n ó sì máa pè é. Bí a kò bá fa òòlù, bí a fa apátí títí ilẹ̀ fi ṣú, ìbọn kò ní dún. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀ kí ìka ìfábẹ̀lá tó ṣe tirẹ̀. Bí ó bá sì ti dún lẹ́ẹ̀kan, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ìbọn ìléwọ́ kan tí ó bá ṣakabùlà tan ní ti ìwà. Samuel Colt ni ó gba ìwé àṣẹ níbẹ̀ ní 1836 lórí ìbọn ìléwọ́ tí ikùn rẹ̀ ń yí. Ní 1873, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé èyí tí ó lókìkí jù lọ jáde. Ilé ọta mẹ́fà ni ó wà nínú ikùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọta kọ̀ọ̀kan tó jáde, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa òòlù sẹ́yìn. Títí di òní ni àwọn kan ń kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jọ, tí wọ́n ń nù ún, tí wọ́n ń péjọ láti yìn ín lu àmì. Ẹni tí ó bá gbọ́n nínú wọn a máa ki ọta márùn-ún péré sínú ilé mẹ́fà, a sì jẹ́ kí òòlù sùn lé èyí tí ó ṣófo, nítorí pé bí ìbọn náà bá já bọ́ tí ọta sì wà lábẹ́ òòlù, ó lè dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á.

Bí a bá bi àwọn olùfẹ́ ìbọn àtijọ́, ìbáà ṣe ní Amẹ́ríkà, ìbáà ṣe ní Òkukù, ìdí mẹ́ta ni wọn yóò wí. Èkínní, wọn yóò ní ìrántí ni. Èkejì, wọn yóò ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa ni. Ẹ̀kẹta ni ó sì dùn létí jù: wọn yóò ní ìbọn àtijọ́ a máa kọ́ni ní sùúrù, nítorí pé láàárín àtàǹpàkò àti ìka, àyè wà fún ènìyàn láti ronú. Ìbọn arọ̀jò-ọta kò fún ẹnikẹ́ni ní àyè bẹ́ẹ̀.

N kò fẹ́ fi ọwọ́ rọ́ ìdí wọ̀nyí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ wọ́n wò.

Ní ti ìrántí, ìrántí kí ni? Láti kékeré ni mo ti ń wo ìbọn yìí lára ògiri, ìtàn ìṣẹ́gun nìkan ni mo sì ń gbọ́ lábẹ́ rẹ̀. A gbé ìbọn kọ́; a kò gbé odò Ọ̀tìn kọ́. Mo ti di ọ̀dọ́mọkùnrin kí n tó mọ̀ pé ènìyàn ni ó kú sínú omi náà, pé wọ́n ní orúkọ, pé wọ́n sì ní ẹjọ́ tí wọ́n ń rò kí wọ́n tó gbé ogun. Ìrántí tí ó bá di ojú kan tí ó la ojú kan, ìgbéraga ni a ń pè é.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, òtítọ́ ni pé alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa mọ ìbọn rọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìbọn tí ó wọ ilẹ̀ wa láyé ìjọ́hun, òkè òkun ni ó ti wá, pàápàá láti Birmingham. Nígbà òwò ẹrú, ìbọn wà lára ohun tí a fi ra ènìyàn. Ìbọn tiwa yìí gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti pààrọ̀ igi ìdí rẹ̀, a sì ti pààrọ̀ òòlù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní ku irin kan tí ó rí ọdún 1878. Kí ni a ó wá máa pa mọ́ nígbà náà? Orúkọ Jálumi ni. Nítorí náà, kì í ṣe irin ni ọ̀rọ̀ wà fún, bí kò ṣe ohun tí a ń fi orúkọ náà sọ.

Ní ti sùúrù, ọ̀rọ̀ ara mi ni n ó fi dáhùn.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá àgbà lọ sí ìgbẹ́ lóru, wọn kò rí ẹran pa, ó sì ti rẹ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gbé ìbọn kọ́ pẹ̀lú ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀, mo gun àpótí, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àbúrò mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń jẹ àkàrà. Mo gbé ìbọn lé orí àga, mo kọjú rẹ̀ sí i, mo ní, "Mo pa ọ́!" mo sì fa apátí. Kò dún. Mo tún fà á. Kò dún. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo rí ẹsẹ̀ Bàbá àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Wọn kò nà mí. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ mi, wọ́n fà mí lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ sókè ọ̀run, wọ́n fi àtàǹpàkò fa òòlù sẹ́yìn, wọ́n sì fa apátí. Ó dún gbòà! Ewúrẹ́ tú ká, èéfín bo ojú wa. Wọ́n jókòó sórí ọlọ, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n wá pa òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì sọ ohun mìíràn. Láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi kú, wọn kò gbé ìbọn kọ́ mọ́ láì tú ohun inú rẹ̀ dànù.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ìbọn àtijọ́ ni ó gba àbúrò mi là ní ọjọ́ náà, n kò jiyàn. Ká ní irú ti òde òní ni, mo ti di apànìyàn. Ṣùgbọ́n ṣé sùúrù ni mo ní? Rárá o. Àìmọ̀ ni. N kò mọ̀ pé a ń fa òòlù. Àyè wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kò ronú nínú àyè náà, nítorí pé n kò mọ̀ pé ó wà. Àwọn tí ó wà ní etí odò Ọ̀tìn ní 1878 mọ̀ pé ó wà, wọ́n sì mọ òòlù í fà dáadáa. Àyè náà kò dá wọn dúró. Sùúrù kò sí nínú irin. Bí kò bá sí nínú ẹni tí ó di irin mú, kò sí níbì kankan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro òwe yẹn. Ẹ tún un gbọ́: "Ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?" Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò bi ẹni tí ó di ìdí ìbọn mú ní nǹkan kan. Ẹni tí ó wà níwájú ẹnu rẹ̀ ni ó ń bi. Àwa tí a ń jiyàn nílé, bàbá mi, àbúrò wọn àti èmi, ìdí ìbọn ni gbogbo wa dúró sí: ẹni tí yóò tà á, ẹni tí yóò yìn ín, ẹni tí yóò gbé e kọ́. Kò sí ẹni tí ó lọ dúró sí ẹnu rẹ̀ láti wo bí ó ti rí láti ibẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí a kó gbogbo ìbọn àtijọ́ sọ sódò ni?" N kò wí bẹ́ẹ̀. Ní Umuahia, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun kan wà tí a ṣí ní 1985, ohun ìjà ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 sì wà níbẹ̀, láàárín àwọn tí ogun náà jà ní ilẹ̀ wọn. Àwọn tí a kọjú ìbọn sí náà lè fẹ́ kí ìbọn wà, kí ó lè máa jẹ́rìí. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959 pàápàá fi ìyàtọ̀ sí i: ó fi ìbọn ìléwọ́, títí kan èyí tí ń lo òkúta ìṣáná, sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú ìbọn arọ̀jò-ọta, pé a kò gbọ́dọ̀ ní in láìjẹ́ pé àṣẹ ti òkè pátápátá wá, ṣùgbọ́n a lè gba ìwé àṣẹ lórí ṣakabùlà. Mo rò pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ìbọn gígùn kò ṣeé fi sábẹ́ agbádá. Ẹni tí a kọjú rẹ̀ sí yóò kúkú rí i.

Nítorí náà, ní ìsinmi tí ó kọjá, mo lọ bá ìyá mi ní ìdí ààrò. Mo ní, "Màámi, kí ni ẹ fẹ́ kí a fi ìbọn yẹn ṣe?"

Wọ́n ro ọbẹ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbálẹ̀ lábẹ́ ìbọn yẹn. Ìwọ ni ó kọ́kọ́ bi mí."

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní, "Dìde. Ẹ má tà á. Bí ẹ bá tà á, ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó rà á pé àwọn ènìyàn wa wà nínú omi?"

Ìpàdé ẹbí yóò wáyé ní oṣù tí ń bọ̀, ohun tí n ó sì wí níbẹ̀ ni èyí. Kí a má ta ìbọn náà. Owó ilé-ìwé mi, n ó wá iṣẹ́ ṣe sí i. Kò ní rọrùn, mo sì mọ̀ pé inú bàbá mi kò ní dùn. Kí àbúrò bàbá mi gba ìwé àṣẹ lórúkọ ara wọn, kí ìbọn wà lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé wọ́n mọ ohun tí àtàǹpàkò ń ṣe. Èmi kò yẹ lẹ́ni tí ń gbé e kọ́ fún ẹwà. Bí wọ́n bá yìn ín níbi ìsípà Bàbá àgbà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkè ọ̀run, bí Bàbá àgbà ti ṣe ní ọjọ́ tí mo wí. Kí ẹni tí ó bá sì ń sọ ìtàn ìbọn náà fún ọmọ ilé wa má ṣe dúró ní ibi ìṣẹ́gun. Kí ó sọ ọ́ dé etí odò, kí ó sọ ẹni tí ó já lu omi, kí ó sì sọ pé ẹ̀jẹ̀ wọn wà lára àwa náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé, ìbáà ṣe ìbọn, ìbáà ṣe idà, ìbáà ṣe orúkọ oyè tí a fi ogun gbà, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tí ó tó àti ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ lọ wo ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó wà níbẹ̀, ẹ bi í.