Ìka Wo Ló Ṣẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi ló fà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ti ọkọ̀ lọ.

Tòkunbọ̀ ni mo rà ní ọdún 2019. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín lókè òkun ti lẹ ọ̀rá kan tó mọ́ gaara bí omi mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà méjèèjì iwájú, kí òkúta wẹ́wẹ́ ojú títì má baà ha ọ̀dà. Irú ọ̀rá yìí kì í ṣe ọ̀rá ọjà. Ìgbà ogun Vietnam ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikópítà kí iyanrìn má baà jẹ ẹ́. Ohun rere ni, àmọ́ ó ní ọjọ́ orí. Ọdún 5 sí 10 ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, oòrùn gbígbóná sì máa ń dín in kù. Bí àsìkò rẹ̀ bá kọjá, á pupa rúsúrúsú bí eyín amusìgá, á sán wẹ́wẹ́, gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ á sì gan mọ́ ọ̀dà.

Ọ̀gá pẹ́ńtà kan ní Ìbàdàn sọ fún mi lọ́dún tí mo rà á gan-an pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ṣí ọ̀rá yìí kó tó gbẹ." Mo ní kó fi sílẹ̀, ṣebí ààbò ni. Kí n má purọ́, owó ni mi ò fẹ́ ná. Láràárọ̀ tí mo bá ń nu ọkọ̀ ni mò ń rí i tó ń sán, mo sì ń nù ún lọ bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá tètè mú olè, olè a mú olóko.

Oṣù Kìíní ọdún 2023, nínú ọyẹ́, ni mo tó gbé e lọ. Ọ̀gá ní ibì kan tó ń sáré lọ, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni, ó ku oṣù 4 kó gba fíríídọ̀mù. Iṣẹ́ sùúrù ni iṣẹ́ yẹn. Ńṣe là ń kọ́kọ́ fi omi gbígbóná tàbí ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun mú un gbóná kí gọ́ọ̀mù rọ̀, ká wá di etí rẹ̀ mú, ká máa fà á díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn mọ́ ara irin. Abẹ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ọmọ yìí fà á ní tútù, ibi tó bá sì já, ó fi abẹ ha á. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ọ̀dà ti bá ọ̀rá wá, ó tó àtẹ́lẹwọ́ márùn-ún.

Ọ̀gá dé, ó ní kó kúnlẹ̀, kó nawọ́ sókè. "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀fẹ́ ni mo máa kùn ún fún yín. Oṣù 6 ni mo máa fi kún ọjọ́ fíríídọ̀mù rẹ̀."

Ọ̀fẹ́! Ẹjọ́ náà dùn mọ́ mi. Bí ọmọ bá jẹ̀bi, èmi ò ní ná kọ́bọ̀. Mo ti fẹ́ máa dúpẹ́ kí n tó rí i pé ọmọ náà ò wo ọ̀gá rẹ̀, èmi ló ń wò.

Mo ní kó dìde. Mo bi í ìdí tí kò fi lo omi gbígbóná. Ó ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun. Mo wo ọ̀gá, ọ̀gá wo ilẹ̀. Nígbà tó wá fi èékánná họ ojú ibẹ̀, ó rí i pé ọ̀dà méjì ló wà níbẹ̀: ẹnìkan ti tún bọ́nẹ́ẹ̀tì náà kùn kí wọ́n tó lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, kò sì kùn ún dáadáa. Ọ̀dà ilé-iṣẹ́ kì í sábà tètè ṣí bẹ́ẹ̀. Ẹni yẹn, a ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò mọ ìlú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ní kó kúnlẹ̀.

Ṣé ọwọ́ ọmọ náà wá mọ́ ni? Rárá o. Mo bi í bóyá ó rí i nígbà tí ọ̀dà kọ́kọ́ bá ọ̀rá wá. Ó ní òun rí i. "Kí ló dé tó ò dúró?" Ó ní ẹ̀rù ba òun, òun rò pé iwájú á dáa. Ìdáhùn yẹn ni mo gbé sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn: ó rí i pé nǹkan ń bàjẹ́, ó sì ń bá a lọ. Bóyá ìṣẹ́jú 10 ni tirẹ̀. Tèmi lé ní ọdún 3. Ẹni tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ layé ń mú. Ẹni tó jókòó wò ó títí tó fi bàjẹ́, oníbàárà là ń pè é, a tún ń gbé àga fún un. Níbi iṣẹ́ ìwé ìròyìn tiwa náà, bí àṣìṣe bá wọ ojú ìwé kìíní, ẹni tó kà á kẹ́yìn ló ń gba kúẹ̀rì. Èmi tí mo kọ ọ́, mo ti sùn.

Ẹnìkan lè ní bí a bá pín ẹ̀bi báyìí, kò ní sí ẹni tó jẹ̀bi mọ́. N kò gbà. Ẹ̀bi kì í ṣe ẹran tó ń kéré bí a bá ṣe ń pín in. Kálukú ló ń gbé odindi tirẹ̀ relé.

Lọ́jọ́ kejì, mo san owó ọ̀dà, ọ̀gá fi iṣẹ́ ọwọ́ jìn mí, ọmọ náà fi sáńpépà ha bọ́nẹ́ẹ̀tì látòkèdélẹ̀. Ọjọ́ fíríídọ̀mù rẹ̀ kò yẹ̀. Ọ̀gá ní mo ti bà á jẹ́, ó sì lè jẹ́ òótọ́ ló sọ.

Ó wá ku fẹ́ńdà méjèèjì. Mo ní kí ọmọ náà ló ṣí i, kí ọ̀gá dúró tì í. Èmi ni mo lọ gbé omi kaná.