Ẹ̀sọ̀ Nídìí Bọ́ọ̀lù Jọ́íǹtì

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá ti dúró ti mẹkáníìkì rí níbi tó ti ń bá bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì tó gan wọ̀yá ìjà mọ̀ pé òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

"Ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi ń dún." Bí a ṣe máa ń wí nìyẹn. Táyà á bọ́ sí kòtò, a ó gbọ́ kò, kò, kò nísàlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì ìsàlẹ̀ ló ti jẹ. Òun ni oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà iwájú, tí wọ́n ń pè ní knuckle, mọ́ irin tí wọ́n ń pè ní lower arm, òun ló ń jẹ́ kí táyà lè yí sọ́tùn-ún sósì, kó sì lè máa lọ sókè sódò. Bó bá jẹ títí tó fi yọ, táyà á ṣẹ́ wọ abẹ́, ọkọ̀ á kúnlẹ̀ sójú títì. Ta ni kò rí irú rẹ̀ rí ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn? Ẹni tó bá bá níbi tó ti ń rọra wọ àdúgbò, kó dúpẹ́. Ẹni tó bá bá lórí eré ni à ń bẹ̀rù fún.

Pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣòro tó yíyọ rẹ̀. Ìrù bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì nípọn nídìí, ó ń tín-ín-rín lọ sẹ́nu, ihò tó wọ̀ lára knuckle náà sì rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, irin á wọnú irin, wọn á dì mọ́ra wọn bí ìrù àáké ṣe ń dì mọ́ inú èèkù rẹ̀. Ọmọṣẹ́ tí kò mọ èyí á rò pé nọ́ọ̀tì nìkan ló dì í mú. Á yọ píìnì tó di nọ́ọ̀tì mú, á tú nọ́ọ̀tì, á fà á, kò ní mira. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ti ọkọ̀ tòkunbọ̀ tún wá le sí i. Ní Kánádà àti ní apá àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín kí táyà má baà máa yọ̀. Iyọ̀ yẹn ti ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó tàbí Kútọnu. Ara rẹ̀ á máa dán, abẹ́ rẹ̀ á ti dógùn-ún. Irú èyí, kí wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà rẹ̀, kí wọ́n sì fọ́n WD-40 sí i láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ náà.

Mo dúró ti ọ̀gá kan ní Ìbàdàn tí ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń da òòlù bo ẹnu ìrù náà. Òógùn ti bo ọmọ.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó, kò gbọ́ o."

"Òun kọ́ ló yẹ kí o bá wí. Ilé tó wọ̀ sí ni kí o lù."

Ọ̀gá dá nọ́ọ̀tì padà sẹ́nu rẹ̀, ó yí i wọlé díẹ̀, kó lè gbá a mú bó bá já. Ó ki irin gbọọrọ bọ àárín, ó ní kí ọmọ fi ara tẹ̀ ẹ́ kí lower arm lè máa fà sísàlẹ̀. Ó wá fi òòlù ńlá kan ti ẹ̀gbẹ́ ojú ihò knuckle lẹ́yìn, ó sì fi èkejì lu òdìkejì rẹ̀, ojú kan náà, gbà, gbà. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Lójijì, pọ́! Ó já, nọ́ọ̀tì sì gbà á dúró. Ihò yẹn ló gbọ̀n tó ṣí fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìrù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Agbára ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tó yẹ ló dé sí. Ẹ̀sọ̀ tí àwọn àgbà ń wí kò ju ìyẹn lọ lójú tèmi.

Bí ó bá ṣe pé ọmọṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀ kó máa lù ú lọ, ẹnu ìrù á ti wú, nọ́ọ̀tì kò ní lè padà sẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó tún wá burú bó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ tú u kọjá lọ bá nǹkan mìíràn ni, tí bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Irin onífọ́ọ̀kì tí wọ́n ń gbá wọ àárín máa ń ya rọ́bà rẹ̀; èyí kò sí nǹkan kan bó bá jẹ́ pé dídanù ni wọ́n fẹ́ da ti tẹ́lẹ̀ nù, ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ lò padà, omi àti iyanrìn á pa á láìpẹ́. Púlà, irin tí wọ́n fi ń ti ìrù jáde, ló dára jù, pàápàá níbi tí knuckle bá jẹ́ alumíníọ̀mù, nítorí ìyẹn lè là bí a bá lù ú. Iná gáàsì ni kí wọ́n má gbé súnmọ́ ọn: rọ́bà á jó, gíríìsì tó wà nínú bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì lè gbóná títí táá fi bú, bíárìn àti wáyà ABS sì wà nítòsí.

Ọkọ̀ kò sì dọ́gba. Corolla àti Camry tí a mọ̀ dáadáa, bóòtì kan àti nọ́ọ̀tì méjì ló dè é mọ́ lower arm, ìrù rẹ̀ sì ń dì nínú knuckle. Ti Golf àtijọ́ yàtọ̀: ìrù tirẹ̀ gbọọrọ dọ́gba, bóòtì kan ló gba inú kòtò ara rẹ̀ kọjá. Bí wọn kò bá fa bóòtì náà yọ pátápátá, kí wọ́n lù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní jáde. Mercedes V-boot ni mo fẹ́ kí gbogbo ọmọṣẹ́ bẹ̀rù. Orí lower arm ni sípíríǹgì rẹ̀ jókòó sí. Bí wọ́n bá tú bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì rẹ̀ láìfi jáàkì gbé lower arm náà dúró, sípíríǹgì lè ta jáde pẹ̀lú agbára tó lè pa èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Bí kò bá sí sítáǹdì, kí wọ́n ki ìtì igi ńlá sábẹ́ rẹ̀.

Àwa tí a ni ọkọ̀ náà ní ẹ̀bi tiwa. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ṣùgbọ́n a máa ń dúró lé mẹkáníìkì lórí: "Ṣé o ò tíì ṣe tán ni?" Ibẹ̀ ni òòlù ti ń ṣìnà. Bí a bá sì dé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀ tàbí Àràròmí ní Agodi, èyí tó pọ́ọ́kú jù là ń béèrè. Kí a gbé e lọ́wọ́, kí a mi ìrù rẹ̀ wò. Èyí tó bá ń jó gbẹrẹgẹdẹ lọ́wọ́, kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Bí wọ́n bá ń dá tuntun sí i, kí wọ́n nu ihò knuckle kó mọ́, kó gbẹ. Òróró kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Bí ìrù bá ń bá nọ́ọ̀tì yí, kí wọ́n fi jáàkì tì í sókè kó lè dì. Bí ihò píìnì kò bá bá ojú nọ́ọ̀tì mu, síwájú ni kí wọ́n fún un sí, kí wọ́n má tú u sẹ́yìn. Píìnì tuntun ni kí wọ́n fi sí i, kì í ṣe ìṣó, kì í ṣe wáyà iná. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí píìnì náà kí wọ́n tó dá táyà padà.