Oore Láti Inú Àpò Ta Ni?

Nínú ìdíje blitz àgbáyé, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni aago ṣẹ́ẹ̀sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá méjì a sì máa kún un nígbàkígbà tó bá ta. Níbi tí ọwọ́ ti ń yá báyìí, òfin fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ ìwà: ọwọ́ tó gbé ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì ló gbọ́dọ̀ tẹ aago, ọmọ tí o bá sì bì ṣubú, inú àkókò tìrẹ ni wàá ti gbé e dìde. Ṣùgbọ́n òfin ò lè dé ibi gbogbo.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2024, ní Wall Street ní New York, Magnus Carlsen ará Nọ́wè àti Ian Nepomniachtchi ará Rọ́ṣíà kojú ara wọn ní àṣekágbá ìdíje náà. Ọ̀ta gidi ni àwọn méjèèjì. Carlsen kọ́kọ́ jẹ méjì léra. Nepomniachtchi gba méjèèjì padà. Wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Carlsen wá dábàá pé kí wọ́n jọ pín adé náà, FIDE, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé, sì gbà.

Àwọn kan yìn wọ́n pé ìwà ọ̀rẹ́ nìyẹn. Èmi ò lè bá wọn yìn ín. Àdéhùn tí gbogbo olùkópa bá wọlé ni pé wọ́n á máa ta títí ẹnì kan yóò fi borí. Àwọn tó ti já bọ́ ṣáájú ńkọ́? Ta ló fún wọn láǹfààní láti pín nǹkan kan? Bí ó bá ti rẹ ènìyàn lóòótọ́, n ò bá a jà: ó lè yọwọ́, kó fi adé sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀. Ìyẹn ì bá ná an ní nǹkan.

Carlsen yìí kan náà sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 2020, òun àti Ding Liren ará Ṣáínà ń díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì Ding já, eré náà sì bọ́ sọ́wọ́ Carlsen. Bí èyí tó tẹ̀ lé e ṣe bẹ̀rẹ̀, Carlsen mọ̀ọ́mọ̀ gbé ayaba rẹ̀ síbi tí wọ́n á ti jẹ ẹ́, ó sì jọ̀wọ́ eré náà. Kò sí òfin tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì tó fi sílẹ̀, tirẹ̀ ni, ó sì ṣì ń fẹ́ borí nínú ìdíje náà.