Ìrora Ẹni Tí Kò Tí Ì Lè Sọ̀rọ̀

Ohun tí ó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Títí di àárín àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ dókítà ní Amẹ́ríkà ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láìfún un ní oògùn apàrora tí ó tó. Wọ́n ní kò ní í rántí. Àwíjàre yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí wọ́n bá lu ọ̀mùtí, tí kò sì rántí lọ́jọ́ kejì, ṣé wọn kò lù ú ni? Ní 1987, àwọn oníṣègùn Anand àti Hickey kó ẹ̀rí jọ pé ara ọmọ náà mọ ìrora.

Ìrora kì í sì í ṣe ti ọ̀bẹ nìkan. Ilé ọmọ ṣókùnkùn. Yàrá ìtọ́jú kún fún iná, àti ariwo tí ó lè mú ọkàn ọmọ sáré, kí ó sì dín atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù. Síbẹ̀, agogo ẹ̀rọ tí ó ń dà á láàmú náà ni ó ń pe nọ́ọ̀sì nígbà tí èémí rẹ̀ bá dúró. Ìyẹn nídìí. Ilẹ̀kùn tí wọ́n gbá gbàmù, iná tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìrọ̀rùn àgbà, kí ni èrè ọmọ níbẹ̀?

Títi ìyá sóde ńkọ́? Wọ́n ní ààbò ni. Nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2021 láti ilé ìwòsàn márùn-ún, tí ti Ilé-Ifẹ̀ wà lára wọn, wọ́n gbé ọmọ tí kò tó kílò méjì lé àyà ìyá ní kété tí wọ́n bí i. Nínú 100, 12 ni ó kú. Nǹkan bí 16 ni láàrin àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Kí ó tó ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀dì ìyá ní láti wọ inú yàrá náà.