Owó Igbó: Gbèsè ni Tàbí Sàráà?

Igbó tí wọn kò gé ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Igi a máa fa kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ sára, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú ìtì, gbòǹgbò àti erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gé e, tí wọ́n sun ún, kábọ́ọ̀nù náà á padà sójú sánmà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá èéfín tó ń mú ayé gbóná ló ti ara pípa igbó run wá. Nítorí náà, igbó ọba Ìsẹ̀-Èkìtì, níbi tí irú ìnàkí kan tí kò sí níbòmíràn àyàfi Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ń gbé, ń ṣe ará Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì láǹfààní bí ó ti ń ṣe ará Adó-Èkìtì. Ìbéèrè tó bá èyí wá jẹ́ ti ìwà àti ti ẹ̀sìn kí ó tó di ti ìṣirò owó: ta ló jẹ gbèsè ìtọ́jú igbó, kí sì ni ipa ìjọba ìbílẹ̀ nínú sísan án?

Èrò tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ni pé onílẹ̀ ni kó tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀. Èrò yìí ìbá tọ̀nà bí èrè igbó bá mọ sí ọ̀dọ̀ onílẹ̀, àmọ́ kò mọ síbẹ̀. Ìpalára ojú ọjọ́ tó ń yí padà pẹ̀lú kò mọ sọ́dọ̀ ẹni tó fà á. Àwọn àgbẹ̀ Ìgbẹmọ-Èkìtì, tí òkìkí ìrẹsì wọn kàn káàkiri, òjò ni wọ́n gbójú lé. Bí òjò bá pẹ́, tàbí tó dá nígbà tí ìrẹsì ń yọmọ, oko wọn ló ń jìyà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn tí Ìgbẹmọ wà nínú rẹ̀ kọ́ ni ilé iṣẹ́ ńláńlá tó kó èéfín jọ sójú sánmà wà. Gbogbo Áfíríkà lápapọ̀ kì í tú tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tí ayé ń tú láti ara epo, gáàsì àti èédú lọ́dún. Ìpàdé Rio ti ọdún 1992 fọwọ́ sí òtítọ́ yìí: gbogbo orílẹ̀-èdè ló jọ ni ẹrù náà, ṣùgbọ́n ẹrù kálukú kò dọ́gba.

Ẹ̀sìn mẹ́ta tí Yorùbá ń ṣe jùlọ fohùn ṣọ̀kan pé ẹ̀dá kọ́ ló ni ilẹ̀. Nínú ìṣẹ̀ṣe, igbó kan wà tí àdá kì í wọ̀, nítorí pé ti òrìṣà tàbí ti àwọn baba ńlá ni. Èèwọ̀ yìí wà lára ohun tó pa igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́ títí UNESCO fi kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2005. Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, Ọlọ́run fi ènìyàn sínú ọgbà kí ó lè máa ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Kùránì pe ènìyàn ní àrólé lórí ilẹ̀, ẹni tí yóò jíhìn ohun tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Olùtọ́jú ni gbogbo wọn pe ènìyàn, olùtọ́jú sì gbọ́dọ̀ ro ti ọmọ tí a kò tíì bí.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú nìkan kọ́ ni ẹ̀sìn ń béèrè. Ó ń béèrè òdodo pẹ̀lú. Nínú àáró, ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti bá ro oko kò lè jókòó sílé lọ́jọ́ tó kan oko ẹlòmíràn, kó wá ní òun yóò fi iṣu kan ta wọ́n lọ́rẹ. Iṣẹ́ ló jẹ, iṣẹ́ ni yóò san. Bákan náà ni owó tí àwọn ìlú tó ti fi èéfín là ń san fún igbó àwọn ẹlòmíràn. Sàráà wà lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é: ó lè ṣe é lónìí, kó dáwọ́ dúró lọ́la. Gbèsè kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì ń gba gbèsè rẹ̀ kì í kúnlẹ̀ gbà á.

Àwọn ìjọba kéékèèké kan lókè òkun ti gbà pé gbèsè yìí kan àwọn pẹ̀lú. Lọ́dún 1990, ní Frankfurt, àwọn ìlú ilẹ̀ Yúróòpù bá àwọn ọmọ onílẹ̀ igbó Amazon dá ẹgbẹ́ Climate Alliance sílẹ̀. Wọ́n ṣèlérí láti dín èéfín tiwọn kù, kí wọ́n sì ti àwọn onígbó lẹ́yìn. Lọ́dún 2010, ìpínlẹ̀ California bá ìpínlẹ̀ Acre ní Bùràsíìlì àti Chiapas ní Mẹ́síkò ṣe àdéhùn lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe lè fi owó igbó dí èéfín tí wọ́n ń tú. Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹni. Ti èkejì lè di ọ̀nà tí olówó ń gbà ra àyè láti máa bá èéfín lọ. Ẹni tó san gbèsè àná kò tipa bẹ́ẹ̀ gbàṣẹ láti jẹ òmíràn lónìí.

Ní Nàìjíríà, ìwọ̀n agbára ìjọba ìbílẹ̀ kò jọ ti Frankfurt. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìjọba ìpínlẹ̀ ló sì ń ṣàkóso igbó ọba. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa nínú ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ohun àlùmọ́ọ́nì tí kì í ṣe ti inú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti òṣìṣẹ́ ìlera ló ń gba púpọ̀ nínú owó tó ń wọlé fún un. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ rẹ̀ tààrà, fi kún agbára rẹ̀, àmọ́ kò sọ ọ́ di olówó. Kò bá òdodo mu kí irú ìjọba bẹ́ẹ̀ mú owó abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ san gbèsè èéfín tí kò tú.

Gbèsè tí ìjọba ìbílẹ̀ jẹ yàtọ̀. Òun ló mọ abúlé tó yí igbó ká, ìdílé tó ń dá oko kòkó wọnú rẹ̀, àti ọ̀nà tí ọkọ̀ gẹdú ń gbà jáde. Ojúṣe rẹ̀ ni kí ó gba ọmọ àwọn abúlé náà síṣẹ́ ṣíṣọ́ igbó, kí ó pèsè irúgbìn igi fún àgbẹ̀, kí ó sì rí i pé owó tó bá ti òkèèrè wá dé ọwọ́ àwọn tó fi àdá sílẹ̀.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì hàn ní ìpínlẹ̀ Cross River. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò REDD+, ìyẹn ètò sísanwó fún àwọn tó bá dá igbó sí, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣàtìlẹ́yìn fún. Lọ́dún 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de gígé gẹdú. Àwọn ará Ekuri ní ìpínlẹ̀ náà, tí wọ́n ti gba ẹ̀bùn Equator lọ́dún 2004 fún bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ igbó wọn, pàdánù owó gẹdú tí wọ́n fi ń tún ìlú ṣe, wọ́n sì ráhùn pé ohun tí ìjọba ṣèlérí fún àwọn kò dé. Ẹni tó ṣọ́ igbó jùlọ ló wá ru ìnáwó rẹ̀.

Ètò òdodo lórí igbó nítorí náà ní ipele mẹ́ta. Ẹni tó tú èéfín jù ni kó kọ́kọ́ dín tirẹ̀ kù, kó sì san owó. Ìjọba tó sún mọ́ igbó ni kó ṣọ́ igbó àti owó náà. Ará abúlé tó fi oko du ara rẹ̀ láti pa igbó mọ́ fún gbogbo ayé ni kó kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀. Níbi tí ìkẹta bá ti já, ohun tí méjì ìṣáájú ṣe kò tíì di òdodo.