Ìkìlọ̀ Nítorí Ọmọ Inú

Kà: Àwọn Onídàjọ́ 13:2-14
Àkọ́sórí: Àwọn Onídàjọ́ 13:8

Olùfẹ́, ṣé o kíyè sí ẹni tí áńgẹ́lì Olúwa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ nínú ìwé tí a kà yìí? Kì í ṣe Mánóà olórí ilé. Ìyàwó rẹ̀ ni. Kí oyún tó dúró rárá ni a ti sọ ohun tí kò gbọdọ̀ mu àti ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ fún un. Ìyá ni a kìlọ̀ fún, ọmọ ni a ń dáàbò bò. Obìnrin náà kò sì wí pé, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ yìí ti jẹ́ ọmọ ìlérí, òun kò nílò ìkìlọ̀ kankan. Ó gba ìlérí, ó gba ìkìlọ̀ mọ́ ọn.

Arábìnrin tí o lóyún, ìwọ ni ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yìí ń bá wí. Lọ́jọ́ tí o bá lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún, ìbáà ṣe ní Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ṣí ní Àkúrẹ́ lọ́dún 2010, tàbí irú rẹ̀ tó wà ní ìlú Oǹdó, tàbí ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò rẹ, nọ́ọ̀sì yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, yóò yẹ ìtọ̀ rẹ wò, yóò sì bá ọ sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò kòkòrò HIV. Ibẹ̀ ni ojú ọ̀pọ̀ ti ń yí padà. Ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ bàálé òun, ó parí nìyẹn. Ẹlòmíràn á pariwo pé, “Kì í ṣe ìpín mi!” Ẹlòmíràn á sì gba ilé ìgbẹ̀bí lọ, nítorí ó gbọ́ pé wọn kì í gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe àrùn gan-an ni wọ́n ń sá fún. Bí ọkọ mi bá lé mi jáde ńkọ́? Bí ìyá ọkọ mi bá gbọ́ ńkọ́? Bí nọ́ọ̀sì yẹn bá jẹ́ ará ìjọ wa ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni wọ́n. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ipá yẹ̀ ọ́ wò, àṣírí rẹ sì ni èsì rẹ. Òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 2014 sì kọ̀ kí a ya ẹni tó ní kòkòrò náà sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí kí o tó kọ̀.

Bí ìyá tó ní kòkòrò náà kò bá gba ìtọ́jú kankan, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló ń kó o, nínú oyún, nígbà ìrọbí tàbí nínú ọmú. Bí ìyá bá ń lo oògùn déédéé, tí ọmọ tuntun sì gba omi oògùn tirẹ̀, iye náà lè wá sí ìsàlẹ̀ 5. Láti 2002 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé orílẹ̀-èdè Kúbà ti ṣẹ́gun kíkó tí ọmọ ń kó kòkòrò náà lára ìyá. Ẹni tí kò bá yẹ ara rẹ̀ wò kò lè mọ̀ bóyá òun nílò oògùn yìí. Bí èsì rẹ bá sì dára, tún ṣe àyẹ̀wò bí oyún bá ń gbó lọ, nítorí kòkòrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè sá pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìgbàgbọ́ wo ló ń sá fún àyẹ̀wò? Olúwa wa rán àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àlùfáà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti yẹ awọ ara wò. Ojú ọ̀nà ni wọ́n sì ti di mímọ́. Bí a bá gbàdúrà fún ọ, ṣe àmín, kí o sì máa lo oògùn rẹ lọ.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ wo Mánóà. Ìyàwó rẹ̀ délé, ó ní ọkùnrin kan wá bá òun. Ẹlòmíràn nínú wa ì bá ti dìjà! Mánóà gbàdúrà pé kí òjíṣẹ́ náà padà wá kọ́ àwọn méjèèjì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sáré wá pè é, ó dìde, ó tẹ̀ lé e. Ìwọ náà tẹ̀ lé ìyàwó rẹ, kí ẹ jọ ṣe àyẹ̀wò. Pé òun la kọ́kọ́ yẹ̀ wò kò fi hàn pé òun ló gbé e wọlé, nítorí oyún ló mú un dé ọsibítù. Ìwọ ta ni ó yẹ̀ ọ́ wò?

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń gbẹ̀bí nínú ìjọ, ètò Agbẹ̀bíyè tí ìpínlẹ̀ yìí gbé kalẹ̀ ní 2014 pè yín láti máa mú aboyún lọ sí ọsibítù. Ẹ béèrè káàdì lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń fọwọ́ kàn náà lè pa yín lára.

Ìwọ tí o sì rí arábìnrin rẹ lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, kí i, kí o kọjá.

Àdúrà:
1. Olúwa, fún gbogbo aboyún inú ìjọ wa ní ìgboyà láti wọlé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì gba èsì wọn.
2. Baba, fún àwọn ọkọ wa ní ọkàn Mánóà.
3. Dárúkọ aboyún kan tí o mọ̀, kí o gbàdúrà fún un. Bí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, bá a lọ lọ́sẹ̀ yìí.